Ohun Tí Ara Kúnbi Kọ̀

Láti ìgbà tí Kúnbi ti wà ní ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ló ti ń dá jẹun. Kì í ṣe ahun, kò sì gbéraga, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tí àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n jọ ń tẹ̀wé ní ilé iṣẹ́ aṣọ kan ní Ìsọlọ̀ ń sọ nípa rẹ̀ nìyẹn. Bí àkókò oúnjẹ ọ̀sán bá tó, wọn a kóra jọ sẹ́yìn ọ́fíìsì, wọn a máa tọ́ ọbẹ̀ ara wọn wò, ẹ̀rín wọn a sì máa gba ojú fèrèsé wọlé. Kúnbi a jókòó sídìí taipùráítà rẹ̀, a ṣí abọ́ kékeré tí ìyá rẹ̀ dì fún un, a jẹ iṣu sísè pẹ̀lú epo díẹ̀, a sì dé abọ́ náà padà kíákíá bí ẹni tó ń fi nǹkan pamọ́.

Nígbà tó wà nílé ìwé lọ́rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀. Ó jẹ ẹ̀bà pẹ̀lú ọbẹ̀ tí edé pọ̀ nínú ẹ̀. Kó tó fọwọ́ tán, ètè rẹ̀ ti wú, ojú rẹ̀ méjèèjì ti dí, ara rẹ̀ lé káàkiri, èémí sì bẹ̀rẹ̀ sí í há a. Ọlọ́run ló yọ ọ́. Ọdún yẹn náà ni irorẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ sí i lójú, bó ṣe ń yọ sí ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń bàlágà, àmọ́ tirẹ̀ le ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ó kún iwájú orí, ó kún ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó ń gbọyún, ó ń fi àpá sílẹ̀. Ìyá rẹ̀ wo èyí, ó wo tọ̀hún, ó so méjèèjì pọ̀. Ó ní edé ló ṣílẹ̀kùn, ara ọmọ òun ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ oúnjẹ. Irorẹ́ tuntun kò lè yọ kó má béèrè pé, "Kí lo jẹ lánàá?" Bó bá jẹ́ ẹ̀pà, ẹ̀pà di èèwọ̀ nìyẹn. Ẹyin tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà mílíìkì, lẹ́yìn náà dòdò àti ẹja, títí ó fi ku iṣu àti ìrẹsì funfun àti ẹ̀fọ́ tí kò ní ohunkóhun nínú. Ní àṣálẹ́, ìyá á mú ìpara kan tí wọ́n rà lọ́dọ̀ oníkẹ́místì nítorí ẹ̀yún ara, á fi kun gbogbo ojú ọmọ rẹ̀.

A kò lè bá ìyá náà wí púpọ̀. Ọmọ mẹ́ta ló ti sin nílé wọn ní Ìkẹ́rẹ́ kó tó bí Kúnbi. Ọkọ rẹ̀, Tíṣà Akíntáyọ̀, náà ti kú. Ẹnì kan ṣoṣo ló kù tó lè máa pè é ní Màámi.

Lọ́dún 1974, ilé iṣẹ́ ní kí gbogbo òṣìṣẹ́ mú fọ́tò wá fún káàdì tuntun. Kúnbi lọ sí ṣọ́ọ̀bù ayàwòrán kan ní Bọ́ládé. Ẹni tó ni ín, Rùfáì, jẹ́ ọ̀dọ́kùnrin tó tẹ́ẹ́rẹ́, tí ohùn rẹ̀ máa ń lọ sílẹ̀ bó bá ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Nígbà tí Kúnbi padà wá gba fọ́tò náà, Rùfáì gbé e lé e lọ́wọ́ tayọ̀tayọ̀.

"Sístà, ẹ wò ó. Ó dáa, àbí kò dáa?"

Kúnbi wò ó títí. "Ta nìyí?"

"Ẹ̀yin ni."

"Èmi kọ́. Tí mo bá gbé ẹni yìí débi iṣẹ́, ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì wa á ní mo jí káàdì ẹlòmíì."

Rùfáì ti fi pẹ́ńsùlù pa gbogbo irorẹ́ náà rẹ́ lára fíìmù, ojú inú fọ́tò náà sì ń dán bí àwo. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó rí i pé Kúnbi kò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ má bínú," ó ní. "Àwọn èèyàn ló máa ń ní kí n pa á rẹ́."

"Ṣé èmi náà ní kẹ́ ẹ pa á rẹ́?"

"Rárá. Mi ò bi yín. Ẹ̀bi mi ni."

Ó tún òmíràn ṣe, kò sì fọwọ́ kan ohunkóhun lára ẹ̀. Nígbà tó fún un, ó ní, "Èyí ló wù mí jù." Kúnbi wo ojú rẹ̀ bóyá ó ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́, kò rí yẹ̀yẹ́ kankan níbẹ̀. Ojú tó fi ń wò ó kò sáré kúrò lójú rẹ̀ bí ojú àwọn èèyàn ṣe máa ń ṣe, kò sì dúró lórí irorẹ́ kan bí ẹni tó ń kà á.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Rùfáì bẹ̀rẹ̀ sí í ti ṣọ́ọ̀bù lásìkò tí Kúnbi bá ń ṣíwọ́, á wá pàdé rẹ̀, wọ́n á jọ rin ọ̀nà Ìsọlọ̀ títí wọ́n á fi dé ẹ̀bá ilé wọn. Ó ń sọ fún un nípa Ìsẹ́yìn tí ìyá rẹ̀ ti wá, àti bí òun ṣe fẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù ńlá tí èèyàn á ti máa ya fọ́tò aláwọ̀ mèremère. Nígbà míì á ra bọ̀ọ̀lì àti ẹ̀pà lọ́nà. Kúnbi á gbà á, á ní, "Màá jẹ ẹ́ nílé," á sì fún àwọn ọmọ àjọgbé wọn bó bá délé.

Lọ́pọ̀ ìgbà ló fẹ́ sọ fún un. Àmọ́ bó bá sọ ohun tí ara òun kọ̀, ó di dandan kó sọ̀rọ̀ ojú òun, ọ̀dọ̀ Rùfáì nìkan sì ni ibi tí ẹnikẹ́ni kì í ti í sọ̀rọ̀ ojú náà. Ó ń rò ó lọ́kàn pé, "Tí n bá ṣí i payá, òun náà á bẹ̀rẹ̀ sí í wò mí bí Màámi ṣe ń wò mí." Ó bá dákẹ́. Èèyàn lè wà pẹ̀lú ẹni tó fẹ́ràn kó sì tún dá wà. Kúnbi mọ̀ bẹ́ẹ̀ kó tó pé ọdún kan.

Owó Údójì, àfikún owó oṣù tí ìjọba fún àwọn òṣìṣẹ́, dé lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Gbogbo ilé ní Ìsọlọ̀ ń gbé rédíò ńlá àti fáànù wọlé, ariwo orin sì gba àdúgbò. Ní Iléyá ọdún náà, Rùfáì mú Kúnbi lọ kí ìyá rẹ̀, Àlàájà Ìsíátù.

Àlàájà ń ta abọ́ àti ìkòkò níwájú ilé rẹ̀ ní Òṣòdì. Ohun tí wọ́n mọ̀ ọ́n mọ̀ jù ni pé kò sẹ́ni tó ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tí kò ní ní kó wá jẹun. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kì í gbé oúnjẹ wá láti ilé. Lọ́jọ́ náà, òun fúnra rẹ̀ gbé iyán àti ẹ̀fọ́ síwájú Kúnbi, edé ń yọrí láàárín ẹ̀fọ́ náà, ẹran àgbò sì kún orí rẹ̀.

"Ẹ ṣeun mà," Kúnbi sọ lórí ìkúnlẹ̀. "Mo ti yó."

"O ti yó? Lọ́jọ́ Iléyá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni mà."

"Ó dáa, tọ́ ọ wò."

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, mi ò lè jẹ ẹ́."

Rùfáì ń wo Kúnbi, ó ń fi ojú bẹ̀ ẹ́. Kúnbi ń wo ilẹ̀. Àlàájà gbé abọ́ náà padà fúnra rẹ̀, kò sì sọ nǹkan kan mọ́ títí àlejò rẹ̀ fi lọ. Lẹ́yìn náà ló pe ọmọ rẹ̀.

"Rùfáì, ẹni tí kò lè jẹ oúnjẹ mi, báwo ló ṣe fẹ́ bá mi gbé?"

"Bóyá torí pé Kìrìsìtẹ́nì ni, Ìyá."

"Àwọn Kìrìsìtẹ́nì tó wà ní ìlà yìí ń họ ẹran Iléyá mi dé eegun. Àti ojú ẹ̀ yẹn, kí ló ṣe é? Ṣé àwọn ọmọ tó máa bí náà ò ní ní in? O ti bi í?"

Rùfáì ní òun kò bi í. Ó rò pé ìfẹ́ ni bí òun kò ṣe bi í.

Ní Ìsọlọ̀ náà, kò rọrùn. Ìyá Kúnbi ní, "Ẹlẹ́sìn Ìsìláàmù, ó tún wá jẹ́ ilé tí wọ́n ti ń pe gbogbo ayé jẹun! Ta ló máa bá mi ṣọ́ ohun tó ń wọ ẹnu rẹ níbẹ̀?"

Rùfáì àti Kúnbi wá fi Àǹtí Àrìnkẹ́ ṣe alárinà. Ó ń ṣe irun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù Rùfáì, ó sì jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n Àlàájà. Ó lọ, ó bọ̀, títí Àlàájà fi rọ̀ díẹ̀.

"Ìyàwó mi," Àǹtí Àrìnkẹ́ sọ fún Kúnbi, "ohun tí ìyá yẹn ń fẹ́ ò pọ̀. Òkèlè kan péré. Kó ṣáà rí i pé o jẹ nínú ìkòkò òun."

"Àǹtí, tó bá ṣe mí ní nǹkan ńkọ́?"

Obìnrin náà dáwọ́ irun tó ń dì dúró. "O rò pé wọ́n á fi nǹkan sí i fún ọ?"

"Rárá o! Kì í ṣe bẹ́ẹ̀."

"Kí ló wá dé?"

Ẹni tí wọ́n ń dì nírun gbórí sókè, ó ń wo ojú Kúnbi nínú díńgí. Kúnbi ní, "Kò sí nǹkan kan, Àǹtí. Màá jẹ ẹ́."

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan ló padà lọ sọ́dọ̀ Àlàájà. Ó ti pinnu pé òun á fi ọwọ́ ya edé sẹ́gbẹ̀ẹ́, òun á sì mú ibi tí ẹ̀fọ́ nìkan wà. Ó bu òkèlè, ó gbé e mì. Àlàájà rẹ́rìn-ín, ó gbá a mọ́ra, ó ní kí Ọlọ́run fi àlùbáríkà sí i. Kúnbi tún bu òmíràn, torí kò sí ẹni tó dì mọ́ ọn bẹ́ẹ̀ rí nídìí oúnjẹ. Nígbà tó máa fi bu ìkẹta, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ti ń dí.

Rùfáì gbé e jáde sínú takisí, Àlàájà sì ń sáré tẹ̀ lé wọn láìwọ bàtà. Ní ọsibítù, wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́, èémí rẹ̀ padà díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ìyá rẹ̀ dé, tó rí bí ojú ọmọ rẹ̀ ṣe wú, kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni bóyá edé ló tún jẹ. Ó kọrí sí Òṣòdì, ó dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù Àlàájà, ó fi igbe ta.

"Obìnrin yìí fún ọmọ mi ní májèlé jẹ! Ọmọ kan ṣoṣo tó kù mí kù!"

Àlàájà kúnlẹ̀ sórí títì, ó ń fi Ọlọ́run búra. Àwọn èèyàn péjọ. Àwọn tó ti ń jẹ nínú ìkòkò rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún dúró, wọ́n ń wò ó.

Rùfáì padà sí ọsibítù lọ́jọ́ kejì. Ìyá Kúnbi dí ojú ọ̀nà. Kúnbi gbọ́ ohùn rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n rí i," ohùn náà sì ń lọ sílẹ̀ bó ṣe máa ń lọ sílẹ̀. Bó bá pè é, á wọlé. Ó gbé ọwọ́ sójú rẹ̀, ó fọwọ́ kan bó ṣe wú tó, kò sì pè é. Ó gbọ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń jìnnà lọ. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, Rùfáì ti ṣọ́ọ̀bù pa, ó sì gba Kàdúná lọ.

Kí Kúnbi tó kúrò ní ọsibítù, dókítà obìnrin kan jókòó tì í, ó ní kó ka gbogbo ohun tí kì í jẹ fún òun. Kúnbi kà á títí.

"Ta ló ní kó o má jẹ ẹyin?"

"Irorẹ́ ló máa ń mú jáde, mà."

Dókítà mi orí. "Nǹkan méjì lẹ dì sínú igbá kan. Edé, ara rẹ kọ̀ ọ́. Kò gbọdọ̀ kan ẹnu rẹ mọ́, àti ọbẹ̀ tó bá wà nínú ẹ̀ pàápàá, torí ó lè pa ọ́. Irorẹ́ yàtọ̀. Òróró inú awọ ló ń dí àwọn ihò ara, ìdọ̀tí á há síbẹ̀, á gbọyún. Edé kọ́ ló ń fà á, ẹ̀pà àti ẹyin kọ́ sì ni. Kí lo fi ń para lójú?"

"Ìpara ẹ̀yún."

"Láti ìgbà wo?"

Kúnbi sọ ọ́, dókítà náà sì yẹ ojú rẹ̀ wò. "Ìpara yẹn wà fún ara tó bá lé, fún ọjọ́ díẹ̀ péré. Bó bá pẹ́ lójú, ó ń bọ́ irorẹ́ kó pọ̀ sí i ni. Díẹ̀díẹ̀ ni kó o fi í sílẹ̀. Má fi èékánná họ ojú mọ́."

Kúnbi délé, ó se ẹyin kan. Ó jẹ ẹ́ ní kọ̀rọ̀ ilé ìdáná, ìyá rẹ̀ sì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ka àdúrà. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Kúnbi bú sẹ́kún. Kì í ṣe ayọ̀ ló ń pa á lẹ́kún. Ó ń ro gbogbo ọ̀sán tó ti dá jókòó, tó ń gbọ́ ẹ̀rín àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ lójú fèrèsé. Ojú rẹ̀ tilẹ̀ kọ́kọ́ burú sí i nígbà tó fi ìpara sílẹ̀, ó tó ọdún kan kó tó rọ̀. Àpá kò lọ.

Lọ́dún 1977, nígbà tí àwọn àlejò àjọ̀dún àṣà Fẹ́sítáàkì ń ya wọ Èkó láti pápákọ̀ òfúrufú, Kúnbi ṣalábàápàdé Àǹtí Àrìnkẹ́ ní Apakun. Àǹtí kí i tútù.

"Rùfáì ńkọ́, mà?"

"Ó wà ní Kàdúná. Ìyá ẹ̀ lò bá kọ́kọ́ béèrè."

"Ara Àlàájà ò le ni?"

"Ara ẹ̀ le. Àmọ́ kò sẹ́ni tó ń jẹ oúnjẹ ẹ̀ mọ́. Iléyá tó kọjá, ó pín ẹran fún gbogbo ìlà wọn, wọ́n gbà á, wọ́n sì gbé e fún ajá. Ó rí i. Látìgbà náà, kì í dáná kọjá tara ẹ̀. Òun nìkan ló ń jókòó ti abọ́ kan ṣoṣo."

Gbogbo àkókò yìí, ìdánìkanwà tirẹ̀ ló ń rò. Kò mọ̀ pé òun ti fi irú rẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé ẹlòmíràn.

Ọjọ́ Sátidé ló lọ sí Òṣòdì, ní ọ̀sán gangan, nígbà tí ọjà kún. Àlàájà rí i, kò dìde.

"Kí lo tún wá gbé?"

Kúnbi kúnlẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀, látorí ọbẹ̀ ilé ìwé títí dórí ọ̀rọ̀ dókítà. Àlàájà gbọ́ ọ tán.

"O mọ̀ pé edé lè pa ọ́, o sì jẹ ẹ́ nílé mi?"

"Mo fẹ́ kẹ́ ẹ fẹ́ràn mi, mà."

"Ó tún wá yé ọ pé mi ò fún ọ ní májèlé jẹ, o dákẹ́, orúkọ mi ń bàjẹ́. Èmi tó o kúnlẹ̀ fún yìí kọ́ ló yẹ kó gbọ́ ọ. Mo ti mọ̀ pé mi ò ṣe é."

Kúnbi dìde. Ó bọ́ síwájú ṣọ́ọ̀bù, ó kí àwọn ìyá tó wà ní ìlà náà. Ohùn rẹ̀ kọ́kọ́ kéré, wọ́n ní kó sọ̀rọ̀ sókè. Ó sọ ọ́ sókè. Ó ní òun ni ọmọbìnrin ọjọ́sí. Ara òun ló kọ edé, láti ilé ìwé ni, ìtìjú ni kò sì jẹ́ kí òun sọ, torí òun kò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni bi òun léèrè ojú òun. Ó ní Àlàájà kò ṣe òun níbi. Àwọn kan mi orí, àwọn míì ń wo àpá ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ gbangba. Ó jẹ́ kí wọ́n wò ó. Ìyá aláṣọ tó wà ní ìkángun fi ọjà rẹ̀ sílẹ̀, ó lọ jókòó ti Àlàájà, Àlàájà sì fi ìborùn bojú.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, Àǹtí Àrìnkẹ́ wá sí Ìsọlọ̀. Kò dá wá. Rùfáì tẹ̀ lé e, ó ti sanra díẹ̀. Àǹtí bá ìyá Kúnbi wọlé lọ sọ̀rọ̀, ó fi àwọn méjèèjì sílẹ̀ ní fàráńdà.

"Ìyá ti sọ fún mi ohun tó o ṣe ní Òṣòdì," Rùfáì ní. "Kí ló dé tó ò sọ fún mi nígbà náà? Èmi ńkọ́, Kúnbi?"

"Ọ̀dọ̀ rẹ nìkan ni wọn kì í ti í sọ̀rọ̀ ojú mi. Mo fẹ́ kó máa rí bẹ́ẹ̀ lọ."

"Èmi náà rí i pé o kì í jẹun. Mo rò pé tí n bá béèrè, wàá bínú."

Lẹ́yìn náà Rùfáì ní, "Mo ti fẹ́yàwó ní Kàdúná. Ó lóyún."

Kúnbi ti mọ̀ kó tó sọ ọ́, nínú bó ṣe jókòó sí ètí àga. "Kí Ọlọ́run sọ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀."

"Àmín. Ṣùgbọ́n ẹ̀sìn mi gbà mí láyè, Ìyá náà sì ti gbà. Ìdí tí Àǹtí fi wá nìyẹn. Màá gba ilé fún ọ níbí. Mo kàn fẹ́ ká rọra ṣe é, kí ìyàwó mi má tíì gbọ́ ná, títí á fi bímọ. Kúnbi, mi ò gbàgbé rẹ lọ́jọ́ kan."

Ó sún mọ́ ọn, ó sì wò ó bó ṣe máa ń wò ó. Ó wu Kúnbi. Ó rí ilé náà lójú ara rẹ̀, ó rí ọkọ tó ń wọlé lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Ó tún rí obìnrin kan tí kò mọ̀ rí, tó dá jókòó ní Kàdúná pẹ̀lú oyún, tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún.

"Rùfáì, mo ti fi ara mi pamọ́ tó. Mi ò lè tún fara pamọ́ nítorí rẹ, mi ò sì lè jẹ́ ohun tí wọ́n ń fi pamọ́ fún ẹlòmíì."

"Ká sọ fún un, nígbà náà."

"Tó o bá fẹ́ sọ fún un, wàá ti sọ kó o tó wá."

Nígbà tí Àǹtí Àrìnkẹ́ jáde, ó rí ojú àwọn méjèèjì, ó gbé báàgì rẹ̀, wọ́n sì lọ. Ìyá Kúnbi wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀.

"Ọmọ ọgbọ̀n ọdún ń lọ ni ọ́," ó ní, kò fi ìbínú sọ ọ́. "O kọ̀ ọ́?"

"Mo kọ̀ ọ́, Màámi."

"Ṣé ara rẹ ò gbà á ni?"

"Ara mi gbà á. Èmi ni mo kọ̀ ọ́."

Kúnbi bú sẹ́kún. Ìyá rẹ̀ na ọwọ́ sí i, ó sì jókòó tì í títí ẹkún náà fi rọlẹ̀.

Rùfáì padà sí Kàdúná. Nígbà tí òjò ọdún náà ń kásẹ̀ nílẹ̀, Àǹtí Àrìnkẹ́ yà sí ilé iṣẹ́ Kúnbi lọ́jọ́ kan, ó ní kí wọ́n bá òun pè é sí ẹnu géètì. Ó ní ìyàwó Rùfáì ti bí ọmọbìnrin, àná ni wọ́n sọ ọ́ lórúkọ. Òun rò pé ó sàn kó gbọ́ ọ lẹ́nu òun. Kúnbi dúpẹ́. Ó ní, "Ẹ bá mi kí wọn kú oríire, mà," ó sì dúró títí Àǹtí fi sọdá títì.

Lẹ́yìn náà ó wọlé padà, ó jókòó sídìí taipùráítà rẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé e. Ó pẹ́ kó tó rántí ọ̀rọ̀ tó kàn láti tẹ̀.